Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Kọ̀ǹpútà àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni kì í ṣe tuntun nígbà tí a rà á. Òmíràn wọ ọkọ̀ òkun láti Yúróòpù wá sí èbúté Kútọnu, òmíràn sì gba ẹnubodè wọlé láti Èkó. Ilẹ̀ tí iná rẹ̀ kì í ṣẹ́jú, tí kò sì mọ eruku ọyẹ́, ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá wá yọnu lọ́dọ̀ wa, ohun tí a máa ń tètè gbọ́ ni pé ó ti kú, kí ẹni tó ni ín lọ wá òmíràn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní òkú ló jẹ́ pé ohun kékeré kan ló ń ṣe é, ẹni tó ni ín sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe bí ó bá mọ ibi tí yóò wò. Àwọn ìbéèrè tí mo kó jọ síhìn-ín ni àwọn olùkọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn oníṣòwò àti àwọn ará àdúgbò máa ń béèrè jù lọ.

Mo ra kọ̀ǹpútà alágbèéká ní Èkó, ṣùgbọ́n orí ṣájà rẹ̀ kò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé mi ní Kétu. Ṣé iná Nàìjíríà yàtọ̀ sí tiwa ni?

Iná méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ yí àpótí kékeré tó wà láàárín okùn ṣájà náà padà, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí «INPUT 100–240V, 50/60Hz», ṣájà náà gba iná wa, ó sì gba ti Nàìjíríà pẹ̀lú. Ẹnu okùn nìkan ló yàtọ̀: ti Nàìjíríà ní eyín pẹlẹbẹ mẹ́ta, tiwa sì ní eyín róbótó méjì.

Ẹ má ṣe gé okùn náà láti so ó mọ́ òmíràn, ẹ má sì ra ṣájà tuntun. Okùn tó ti ara ògiri wọ inú àpótí yẹn ṣeé fà yọ, òun nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹnu tó wọ inú àpótí máa ń ní ìrísí mẹ́ta tó wọ́pọ̀: èyí tó ní ihò mẹ́ta tó so pọ̀ bí ewé, èyí tó dà bí òǹkà 8, àti èyí tó nípọn, tí a ń rí lára kọ̀ǹpútà orí tábìlì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ mú àpótí náà dání lọ sí ọjà, kí ẹ fi okùn wọ̀ ọ́ níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ní àwọn ilé kan lẹ́bàá ẹnubodè, sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta ni wọ́n kàn mọ́ ògiri, àwọn ènìyàn a sì máa ti ìdérí bírò bọ ihò òkè kí pílọ́ọ̀gì eléyín méjì lè wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú àṣà yìí, pàápàá níbi tí ọmọdé bá wà. Ihò òkè yẹn ni ọ̀nà tí iná tó ṣìnà ń gbà lọ sínú ilẹ̀. Òun náà ló fà á tí ara àwọn kọ̀ǹpútà onírin kan fi máa ń ta ènìyàn lọ́wọ́ wínniwínni bí ó bá wà lára ṣájà: okùn tí a lò kò ní ẹsẹ̀ ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣínà mi tọ̀nà, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ní kò tọ̀nà. Kí ló fà á?

Ní ilẹ̀ wa, níbi tí kíbọ́ọ̀dù Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì ti pàdé, ìṣòro yìí wọ́pọ̀ ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Lórí kíbọ́ọ̀dù Faransé, A wà níbi tí Q wà lórí ti Gẹ̀ẹ́sì, Z wà níbi tí W wà, M wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ L, a sì gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì Shift kí òǹkà tó jáde. Kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tí wọ́n kọ sí orí bọ́tìnnì, ètò tí a yàn fún un ló ń tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ká sọ pé ọ̀rọ̀ aṣínà ni «amala2020», pé bọ́tìnnì Faransé ni ẹ ń tẹ̀, ṣùgbọ́n ètò inú kọ̀ǹpútà ti yí padà sí ti Amẹ́ríkà. Ohun tí kọ̀ǹpútà yóò gbà sínú ni «q;qlq@)@)». Àmì róbótó nìkan ni ẹ óò sì máa rí lójú ẹ̀rọ, ẹ kò ní mọ̀ pé nǹkan ti dàrú. Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ náà: bí ó bá jẹ́ ENG ló wà níbẹ̀ dípò FRA, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì àlàfo gbọọrọ, yóò yí padà. Àmì ojú tó wà ní ìparí àpótí náà yóò sì jẹ́ kí ẹ rí ohun tí ẹ kọ.

Bí bọ́tìnnì kan bá ti bàjẹ́ pátápátá, Windows ní kíbọ́ọ̀dù kan tó ń hàn lójú ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pè ní «Clavier visuel» ní Faransé. Ẹ lè fi eku tẹ lẹ́tà tó sọnù lórí rẹ̀ títí ẹ óò fi rí kíbọ́ọ̀dù onílò USB, èyí tó rọ̀ lọ́rùn púpọ̀ ju pípààrọ̀ ti inú kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ.

Gbogbo ìkànnì tí mo bá ṣí ló ń sọ pé «Votre connexion n'est pas privée». Ṣé wọ́n ti wọ inú kọ̀ǹpútà mi ni?

Kí ẹ tó bẹ̀rù, ẹ wo déètì. Ìwé ẹ̀rí kan wà tí ìkànnì kọ̀ọ̀kan ń fi han kọ̀ǹpútà yín láti sọ ẹni tí òun jẹ́, ìwé ẹ̀rí náà sì ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Bí aago kọ̀ǹpútà yín bá ń sọ pé a ṣì wà ní 2009, ìwé ẹ̀rí ti ọdún yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ lójú tirẹ̀, yóò sì kọ̀ ọ́. Ẹ tún déètì àti aago ṣe, kí ẹ sì ṣí ìkànnì náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí déètì bá ń padà sẹ́yìn nígbàkigbà tí iná bá lọ, bátìrì róbótó kékeré tó ń bọ́ aago inú ẹ̀rọ ló ti tán. CR2032 ni orúkọ rẹ̀, fọ́ọ̀tì 3 ni, irú rẹ̀ náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti nínú àwọn òṣùwọ̀n kan, nítorí náà kò ṣòro láti rí rà. Fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ okùn iná, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí, ẹ fi ọwọ́ kan ara irin rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ ti irin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó di bátìrì náà mú sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò ta sókè fúnra rẹ̀. Apá tó ní àmì + ni kí ó kọjú sókè nígbà tí ẹ bá ń fi tuntun síbẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, okùn tín-ín-rín méjì sábà máa ń wà lára bátìrì náà, ó sì yẹ kí ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n tú.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi ń han bípù-bípù, kò sì fi nǹkan kan hàn. Wọ́n ní kí n ra òmíràn.

Ẹ dúró ná. Bí fáànù rẹ̀ bá ń yí, tí ó sì ń han, ẹ̀rọ náà wà láàyè, ìró yẹn sì ni ọ̀nà tó fi ń sọ ohun tó ń ṣe é. Ní Àjàṣẹ́, níbi tí ọ̀sà wà nítòsí tí afẹ́fẹ́ sì tutù rinrin fún ọ̀pọ̀ oṣù, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ fura sí ni RAM, ìyẹn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Etí rẹ̀ kan ní eyín aláwọ̀ wúrà, àwọn eyín wọ̀nyí sì máa ń ṣú nígbà tí ọ̀rinrin àti eruku bá pàdé lára wọn.

Ohun èlò tí a nílò wà nínú àpò ìwé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́: rọ́bà funfun tí a fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́. Ẹ yọ okùn iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná fún ìgbà díẹ̀ kí iná tó kù nínú ẹ̀rọ lè tán, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan irin. Ẹ ti àwọn ìdè méjì tó wà ní ìpẹ̀kun RAM sóde, ẹ fa pátákó náà yọ, ẹ di í mú ní etí, kí ọwọ́ yín má kan eyín rẹ̀. Ẹ fi rọ́bà náà nu eyín wúrà náà jẹ́jẹ́ ní ojú méjèèjì títí yóò fi dán, ẹ gbọn èérún rọ́bà kúrò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá inú ihò rẹ̀, kí ẹ sì tì í padà títí ẹ óò fi gbọ́ «kọ́». Bí RAM bá jẹ́ méjì, ẹ dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pààrọ̀ ihò wọn. Ọ̀nà yìí ni a fi ń mọ èyí tó bàjẹ́ gan-an, a ó sì ra ẹyọ kan péré. Ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání lọ sí ọjà, nítorí pé oríṣi RAM wà: DDR3 kò lè wọ ihò DDR4 láéláé.

Ní àsìkò ọyẹ́, kọ̀ǹpútà mi máa ń gbóná, á sì kú lójijì. Ṣé ọyẹ́ kì í ṣe òtútù ni?

Òtútù òwúrọ̀ ni ọyẹ́, ṣùgbọ́n eruku ló gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ sì mọ bí ó ṣe máa ń bo gbogbo nǹkan láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì. Fáànù kọ̀ǹpútà ń fa eruku yẹn wọlé láìsinmi. Nígbà tó bá dí ojú irin tí ooru ń gbà jáde, ẹ̀rọ yóò gbóná dé ibi tí yóò fi pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná. Nítorí náà, kíkú tó ń kú yẹn, ààbò ni.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tí kò tíì kan ọ̀dà gbá ẹnu ihò afẹ́fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ fi igi ìtayín di abẹ fáànù mú kí ẹ tó fẹ́ ẹ, torí pé bí ó bá yí ju bí ó ṣe yẹ lọ, ó lè bàjẹ́. Ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ wà nínú èémí. Ẹ má ṣe gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé orí ibùsùn tàbí tìmùtìmù, abẹ́ ni ó ti ń mí. Pátákó pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ jù ú lọ tó. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìpara tó wà láàárín ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti irin ìtura rẹ̀ a máa gbẹ, ó sì yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ọṣẹ ìfọyín rọ́pò ìpara yẹn. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò gbẹ bí amọ̀, ooru yóò sì burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Báwo ni mo ṣe lè dáàbò bo kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ iná tó ń lọ tó ń bọ̀?

Ìgbà tí iná bá ń padà bọ̀ ló léwu jù, ju ìgbà tí ó lọ. Bí ó ti ń wọlé, gbogbo firíìjì àti fáànù àdúgbò ló ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iná a sì máa fò sókè fò sílẹ̀. Tí iná bá lọ, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, kí ẹ sì jẹ́ kí iná dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tó padà kí ẹ tó tì í bọ̀ ọ́. Bákan náà ni nígbà tí òjò bá ṣú tí àrá sì ń sán: ẹ yọ okùn iná, ẹ yọ okùn íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, nítorí pé mọ̀nàmọ́ná ń gba ojú wáyà méjèèjì.

Fún ẹni tí kò tíì ra kọ̀ǹpútà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó ra alágbèéká. Bátìrì inú rẹ̀ ni ààbò, kò sì jẹ iná tó ti orí tábìlì. Ẹni tó bá ní ti orí tábìlì nílò onduleur, ìyẹn àpótí oníbátìrì tó ń fún kọ̀ǹpútà ní iná fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ. Púpọ̀ nínú àwọn onduleur kékeré tí ẹ ń rí nínú igun yàrá tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́, bátìrì rẹ̀ nìkan ló tán. Ẹ tú abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ óò rí bátìrì dúdú kan tí wọ́n kọ «12V 7Ah» tàbí irú rẹ̀ sí lára. Èyí tó bá a dọ́gba ni kí ẹ rà, ẹ so wáyà pupa mọ́ +, dúdú mọ́ −, onduleur náà yóò sì tún ṣiṣẹ́. Bátìrì alùpùpù àwọn zémìjáànì kò dára fún iṣẹ́ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fọ́ọ̀tì 12 pẹ̀lú: wọ́n ṣe é láti ta ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan, wọn kò ṣe é láti máa fún ẹ̀rọ ní iná títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Ní àwọn abúlé tí oòrùn ni wọ́n fi ń rí iná, ọ̀pọ̀ ló ń sọ iná bátìrì di fọ́ọ̀tì 220 kí ṣájà tó tún sọ ọ́ di 19. Ìyípadà méjèèjì ló ń jẹ iná. Ṣájà inú ọkọ̀, tó ń gbé fọ́ọ̀tì 12 lọ sí 19 tààrà, yóò jẹ́ kí bátìrì kan náà pẹ́ sí i. Kí ẹ sáà rí i pé fọ́ọ̀tì tó wà lára rẹ̀ bá ti ṣájà yín mu, kí ẹnu rẹ̀ náà sì bá a mu.

Mo ti fláàṣì mi bọ kọ̀ǹpútà kan ní cyber, gbogbo fódà mi sì di àmì ọ̀nà àbùjá. Ṣé iṣẹ́ mi ti sọnù?

Kò sọnù. Kòkòrò kọ̀ǹpútà kan ló fi àwọn fódà yín pamọ́, tó sì fi àwọn ayédèrú sí ipò wọn kí ẹ lè tẹ̀ wọ́n. Ẹ má tẹ èyíkéyìí. Lórí kọ̀ǹpútà tó ní ètò ìgbógun ti kòkòrò, ẹ wá «cmd», fèrèsé tí a ti ń kọ àṣẹ sí Windows, ẹ ṣí i, kí ẹ sì kọ èyí, pẹ̀lú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà yín fún fláàṣì náà dípò F:

attrib -h -r -s /s /d F:\*.*

Àwọn fódà gidi yóò yọjú padà. Ẹ kó wọn sórí kọ̀ǹpútà, ẹ yẹ̀ wọ́n wò fún kòkòrò, lẹ́yìn náà kí ẹ nu fláàṣì náà mọ́ pátápátá. Ẹni tó bá ń lo Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, yóò rí fódà gidi àti ayédèrú pọ̀ láìsí wàhálà, nítorí pé irú kòkòrò yìí kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún fláàṣì tó kọ GB gọbọi sí ara ní owó táṣẹ́rẹ́. Wọ́n ti tan kọ̀ǹpútà kí ó máa pe ìwọ̀n tí kò sí níbẹ̀. Tí ẹ bá ti kún ìwọ̀n rẹ̀ gidi, ohun tí ẹ bá tún kó sí i yóò bàjẹ́. Ètò H2testw fún Windows àti F3 fún Linux yóò kọ nǹkan kún un títí, yóò sì kà á padà láti mọ òótọ́. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ dán fláàṣì wò lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, kí ẹ tó fi ìwé ẹ̀kọ́ tàbí àwòrán ìgbéyàwó sí i.

Bí mo bá so kọ̀ǹpútà mọ́ fóònù mi, mẹ́gà mi máa ń tán ní wàrà-ǹ-ṣeṣà.

Kọ̀ǹpútà rò pé Wi-Fi tí kò lópin ni fóònù yín, ó sì ń fa ìmúdójúìwọ̀n wọlé lẹ́yìn yín. Ní Windows, ẹ ṣí ètò Wi-Fi náà, kí ẹ sì tan «Connexion limitée». Ẹ ṣe é fún fóònù kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ń lò.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dára jù ni kí a má máa fa ohun kan náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń gbé pọ̀, kí ẹnì kan fa fáìlì náà lẹ́ẹ̀kan, kí ó fi ètò LocalSend pín in fún àwọn yòókù: ẹ tan Wi-Fi alápínlò lórí fóònù kan, gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ yóò máa gba fáìlì lọ́wọ́ ara wọn láìná mẹ́gà kankan. Fún ìwé kíkà, Kiwix ni mo máa ń dábàá fún àwọn olùkọ́. Ó ń jẹ́ kí odindi Wikipedia wà lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti Faransé tí kò ní àwòrán kéré gan-an sí èyí tó ní, ti Yorùbá náà sì wà níbẹ̀. Kíláàsì kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá lè ka gbogbo rẹ̀ bí ẹnì kan bá ti gbé e wá nínú fláàṣì láti Kútọnu.

Windows 10 mi kò gba ìmúdójúìwọ̀n mọ́, ó sì ń fà. Ṣé mo gbọ́dọ̀ ra kọ̀ǹpútà tuntun?

Ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ gbogbogbòò fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, 2025. Windows 11 ń béèrè fún TPM 2.0, ìyẹn ohun ààbò kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà, àti ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí kò pẹ́ jù, ọ̀pọ̀ àwọn tòkúnbọ̀ wa ni kò sì ní in. Ohun méjì ló lè sọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ di ọ̀tun.

Ìkíní ni dísìkì. Bí dísìkì inú rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tó ń yí, tí ẹ ń gbọ́ ìró rẹ̀, ẹ fi SSD, dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, rọ́pò rẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́, méjèèjì jọ jẹ́ íǹṣì 2.5, ihò kan náà ni wọ́n sì ń lò. Kò sí àtúnṣe mìíràn tí mo mọ̀ tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí ìyàtọ̀ rẹ̀ sì hàn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń lo dísìkì tó ń yí gbọ́dọ̀ pa kọ̀ǹpútà pátápátá kí ó tó gbé e gun zémìjáànì, torí pé gbígbọ̀n ojú ọ̀nà lè ha ojú dísìkì náà.

Ìkejì ni Linux. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní oríṣiríṣi ẹ̀yà. Linux Mint rọrùn fún ẹni tó mọ Windows tẹ́lẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí RAM 4 GB. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé ẹ lè fi ètò Rufus kọ ọ́ sórí fláàṣì, kí ẹ sì tan kọ̀ǹpútà láti ara fláàṣì náà láìfọwọ́ kan ohun tó wà lórí dísìkì. Ẹ dán ohùn, Wi-Fi àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣiṣẹ́, ẹ kó àwọn fáìlì yín pamọ́ síbòmíràn, kí ẹ tó fi sórí dísìkì. LibreOffice tó wà nínú rẹ̀ ń ṣí ìwé Word àti Excel. Àmọ́ bí ètò ìṣirò owó ibi iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti Windows nìkan, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín ná.

Omi dà sórí kọ̀ǹpútà mi. Ṣé kí n fi í sínú ìrẹsì?

Rárá. Ìrẹsì kì í fa omi inú ẹ̀rọ, eruku rẹ̀ sì ń wọ inú ihò. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀ láìdúró de fáìlì kankan, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì bí ó bá ṣeé yọ, ẹ ṣí i bí ìwé kí ẹ sì dojú rẹ̀ dé kí omi lè jáde. Ẹ fi í síwájú fáànù fún ọjọ́ méjì ó kéré tán. Bí ó bá jẹ́ tíì onísúgà tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló dà sí i, gbígbẹ nìkan kò tó, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú bá yín fi ọtí sípíríìtì nù ún kí ẹ tó tún tan iná sí i.

Báwo ni mo ṣe lè kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì tó pé, tí kò ní dàrú ní ibòmíràn?

Ìbéèrè yìí jẹ mí lọ́kàn. Àwọn ìwé ìpè, ìwé orin ìjọ àti ìwé ẹ̀kọ́ wa pọ̀ tí wọ́n jáde láìlámìí nítorí pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò mọ ọ̀nà. Ní Bẹ̀nẹ̀, álífábẹ́ẹ̀tì ìjọba ń lo ɛ, ɔ àti sh níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń lo ẹ, ọ àti ṣ. Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí, kí ẹ sì dúró lórí ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní Windows, ẹ lè fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kún ti Faransé nínú ètò èdè. Linux náà ní i, lábẹ́ orúkọ Nàìjíríà. Fún ẹni tó fẹ́ dúró lórí kíbọ́ọ̀dù Faransé, ìtúnṣe aládàáṣe inú LibreOffice ṣeé lò: ẹ sọ fún un pé nígbàkigbà tí ẹ bá kọ orúkọ kan tí ẹ sábà ń lò láìlámìí, kí ó fi èyí tó ní àmì rọ́pò rẹ̀. Fóònù Android pẹ̀lú Gboard ní Yorùbá nínú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń kọ ọ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà.

Ohun tó ń da àmì rú ni pé ẹ́ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ni ó ní nọ́ńbà, àmì òkè sì jẹ́ ohun ọ̀tọ̀ tí a gbé lé e lórí, ìrísí lẹ́tà tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí yóò sì gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́. Charis SIL, Gentium, Noto àti DejaVu mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ lọ síbi ìtẹ̀wé ní Wàńdó tàbí níbikíbi, ẹ sọ ọ́ di PDF, ìrísí lẹ́tà yóò bá ìwé náà lọ. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ìrísí lẹ́tà àtijọ́ tó ya ẹ sí ipò lẹ́tà mìíràn: lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní in, jágbajàgba ni ìwé yín yóò dà.

Mo pa àwọn àwòrán mi rẹ́ lórí káàdì ìpamọ́ láìmọ̀.

Ẹ má ṣe ya àwòrán mìíràn sórí káàdì náà, ẹ má fi ohunkóhun kún un. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ lo PhotoRec, ètò tó ń wá fáìlì tí a ti pa rẹ́, láti orí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì kó ohun tó bá rí sórí dísìkì ọ̀tọ̀. Orúkọ àwọn fáìlì yóò sọnù, ṣùgbọ́n àwòrán lè padà.

Ìgbà wo gan-an ni kọ̀ǹpútà kò yẹ ní títúnṣe mọ́, kí sì ni kí a fi í ṣe?

Bí bátìrì rẹ̀ bá wú, tó ń ti bọ́tìnnì tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ dẹ́kun lílò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má fi ṣájà sí i. Bátìrì yẹn lè gbiná. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lè ṣì dára, púpọ̀ nínú wọn yóò ṣiṣẹ́ lórí ṣájà nìkan tí a bá ti yọ bátìrì kúrò. Bí pátákó àárín rẹ̀ bá jóná, owó àtúnṣe sábà máa ń ju iye ẹ̀rọ lọ, ibẹ̀ ni mo ti máa ń sọ fún ènìyàn pé ó tó.

Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀ ló kú. RAM, SSD, ṣájà àti ojú ẹ̀rọ yóò ṣiṣẹ́ nínú òmíràn. Dísìkì rẹ̀, tí a bá fi sínú àpótí onílò USB, yóò di ibi ìpamọ́ fáìlì. Bí àpótí kọ̀ǹpútà orí tábìlì bá fọ́ ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ dára, ẹ ronú nípa bídọ̀n. Láti 2011, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ènìyàn ti ń kó ohun inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ sínú bídọ̀n 20 lítà, wọ́n ń pè é ní Jerry, àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń kọ́ ọ ní BloLab ní Kútọnu. Bídọ̀n kò wọ́n nílẹ̀ wa, ọ̀bẹ sì lè gé e. Ẹ lu ihò afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀ àti òkè rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé abẹ́ pátákó kò kan irin kankan.

Fún ohun tó bá ṣẹ́kù, ẹ má ṣe jó wáyà láti yọ bàbà inú rẹ̀, èéfín rẹ̀ jẹ́ májèlé fún àwọn ọmọ tó ń ṣeré nítòsí. Òjé wà nínú bátìrì onduleur, kò sì yẹ kó wọ inú kànga tàbí ọ̀sà. Àwọn tó ń ta bátìrì ọkọ̀ sábà máa ń ra èyí tó ti kú. Kí ẹ tó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ yọ dísìkì rẹ̀ tàbí kí ẹ nù ún pátápátá, nítorí pé àwòrán ìwé ìdánimọ̀ yín, ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì àti lẹ́tà ẹbí yín wà lórí rẹ̀, ẹni tó bá sì ní PhotoRec lè kó wọn jáde.